Eérú Iwájú Orí Màmá Àbíjàn

Títí láé ni n óò máa rántí Ọjọ́rú Eléérú tí ìyá mi da omi sí olórí Ẹgbẹ́ Ìyá ìjọ wa lórí.

Láàárọ̀, fádà fi eérú ya àgbélébùú síwájú orí gbogbo wa. Nínú ìjọ wa ní Èjìgbò, ẹni tí eérú rẹ̀ bá pẹ́ jù lórí ni wọ́n ń pè ní olùfọkànsìn. Ìyá mi gba oko lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, Màmá Àbíjàn, olórí ẹgbẹ́ náà, kó obìnrin méjì wá sílé wa. Eérú tirẹ̀ ṣì ń dán.

"Ìyá Tèrésà, eérú orí rẹ dà?"

"Òógùn ti wẹ̀ ẹ́ lọ, mà."

"Irọ́! Ojú ọkọ rẹ Mùsùlùmí ló ń tì ọ́. O ò ní gbé àgbélébùú ṣíwájú ìjọ lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí mọ́!"

Ọdún mẹ́ta ni ìyá mi ti ń dúró kí gbígbé àgbélébùú yẹn kàn án. Ó já kẹ́tù gbà lọ́wọ́ bàbá mi tó ń ṣe àlùwàlá, ó dà á sí Màmá Àbíjàn lórí. Mo figbe ta. Omi ṣàn lórí eérú náà bí ìgbà tó ń ṣàn lórí ewé kókò. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà fọwọ́ kàn án, ó gbóòórùn ìka rẹ̀.

"Yéè! Èédú ìdí ìkòkò ni! Wọ́n fi òróró pò ó!"

"Fún mi ní kẹ́tù mi," ni bàbá mi wí, "ìrun ń lọ."

Lọ́jọ́ Ẹtì, ìyá mi gbé àgbélébùú. Màmá Àbíjàn wà lẹ́yìn pátápátá, ọṣẹ tó fi fọ èédú náà ti bó o níwájú orí. Ìyá mi kò kí i mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ní ààwẹ̀ tòun nìyẹn, òun kò sì ní í ṣínu bó di ọjọ́ Àjíǹde pàápàá.