Omi Tó Gbiná

Ọwọ́ Irin ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin mẹkáníìkì náà, kì í sì í ṣe torí pé irin ló ń fọwọ́ kàn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Láàárín ọgbọ̀n ọdún tó ti wà nídìí iṣẹ́ ọkọ̀, ó ti fọ́ imú mẹ́rin, ó ti gbọn eyín tó lè kún agolo mílíìkì kan jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn, ó sì ti gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kan títí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi dáhùn. Bí ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, yóò kọ́kọ́ rọra bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ ìkókó lẹ́kún. Bí kò bá gbọ́, yóò ta á nípàá. Bó ṣe ń ṣe sí oníbàárà náà nìyẹn. Ojú fèrèsé ni ọkọ tó fẹ́ gbẹ̀yìn gbà sá lọ, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí gbayawu.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í bá a jiyàn lé lórí: epo. Bí Ọwọ́ Irin bá fa epo láti inú táńkì sínú ìgò, tó gbé e sójú oòrùn, tó ní ó dáa, ó dáa nìyẹn. Bó bá sì ní omi ni, kí ẹni tó ta epo ọ̀hún yáa tètè wá ibi sá sí. Kò tíì ṣe àṣìṣe rí. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, eyín ẹnìkankan ò sì pọ̀ tó èyí tí yóò fi ní irọ́ ni.

Ìgbà tó yá ni ìjọba ní kí wọ́n máa po ọtí mọ́ epo bẹntiróòlù, ìdá kan nínú mẹ́wàá. Kì í ṣe ọtí mímu o, èyí tí wọ́n ń pọn láti ara ìrèké fún ẹ̀rọ ni. Inú àwọn awakọ̀ takisí ò dùn rárá. Ẹni tí táńkì kan ń gbé dé ibùdókọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tẹ́lẹ̀, ó wá ku díẹ̀ kó pé mẹ́wàá, torí agbára ọtí ò tó ti epo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, ẹ ó rò pé ọkọ̀ wọn ti di ọ̀mùtí tó ń dá gálọ́ọ̀nù kan mu kó tó yí kọ́nà. Nínú ọkọ̀ tó ti gbó, ọtí náà tún máa ń bó ìdọ̀tí ogún ọdún kúrò lára táńkì, á gbé e lọ dí fíítà tó ń sẹ́ epo, á sì mú kí họ́ọ̀sì oníráàbà wú bí ètè ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Ọwọ́ Irin ń pààrọ̀ fíítà, ó ń pààrọ̀ họ́ọ̀sì, ó sì ń gbá etí ẹni tó bá kùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, awakọ̀ takisí kan tí wọ́n ń pè ní Gìrìpá ti ọkọ̀ rẹ̀ dé. Ọrùn Gìrìpá ki débi pé bó bá fẹ́ wẹ̀yìn, gbogbo ara ló máa fi yí. Oṣù méjì gbáko ló ti lò nílé ìwòsàn, torí òun àti awakọ̀ akẹ́rù kan jà lórí ibi tí wọ́n fẹ́ gbé ọkọ̀ sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Òjò rọ̀ lé ọkọ̀ rẹ̀ lórí ní gbogbo ìgbà yẹn. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e jáde, ó ra epo díẹ̀ kún un, kò tíì wà á dé ìsọ̀ kejì tó fi kú.

"Ìyá, ẹ bá mi wò ó," ni Gìrìpá wí. Awakọ̀ méje tó bá a ti ọkọ̀ yí i ká, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, ojú wọn ti pọ́n.

Ọwọ́ Irin fa epo láti ìsàlẹ̀ táńkì sínú ìgò, ó gbé e sójú oòrùn. Epo léfòó lókè. Nísàlẹ̀, nǹkan kan tó mọ́ gaara jókòó jẹ́jẹ́, ó tó ìka mẹ́ta.

"Omi ni," ó ní. "Níbo lo ti rà á?"

Gìrìpá wolẹ̀. "Nílé epo ẹ̀gbẹ́ afárá."

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ẹni tó ń ta epo níbẹ̀ ni àbúrò Ọwọ́ Irin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan tó jẹ́ pé bó bá tẹ kòkòrò mọ́lẹ̀, á ní kó máà bínú.

"Ìyá, ẹ tún un wò," ni ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ náà wí. "Bóyá ohun mìíràn ni."

"Ṣé ojú mi ló fọ́ ni àbí tìẹ? Omi ni mo wí. Kó jẹ́ ìyá tó bí mi ló tà á, omi ni."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún sọ. Ó dún bí ọ̀rọ̀ adájọ́, ó sì gbé àyà sókè kí wọ́n lè rí i dáadáa. Gìrìpá ti mú sípánà ńlá kan nílẹ̀ ní tirẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká lọ fún un lómi mu," ló wí. Wọ́n fò sínú ọkọ̀ méjì, wọ́n lọ.

Wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ṣí ìbòjú rẹ̀. "Wọn ò ní pa á ṣá?"

"Wọn ò ní pa á. Wọ́n á kàn gbá a létí díẹ̀. Á kọ́gbọ́n."

Wẹ́dà bo ojú padà. Ọwọ́ Irin da epo òkè ìgò náà sínú agolo kan, ó sì da díẹ̀ lára omi ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Iná ta pàrà lára irin wẹ́dà, ó bọ́ sínú omi ọ̀hún. Omi gbiná. Iná aláwọ̀ sánmà ni, oòrùn ò jẹ́ kó hàn, òórùn irun ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tó ń jó ló kọ́kọ́ gbọ́. Ó fò sókè, ó fẹsẹ̀ jan ilẹ̀, ó ṣèèṣì ta wẹ́dà nípàá. Wẹ́dà dá a padà fún un.

"Wẹ́dà," ni Ọwọ́ Irin wí nígbà tí iná kú, "omi wo ló ń gbiná?"

"Èyí tí kì í ṣe omi."

Ó rìn lọ sídìí ọkọ̀ Gìrìpá, ó wo ẹnu táńkì. Kò ní ìdérí. Àkísà ni Gìrìpá ki bọ̀ ọ́, àkísà náà ṣì rin gbingbin. Òjò oṣù méjì ló gba ibẹ̀ wọ inú táńkì. Ọtí inú epo tuntun rí omi, ó fi epo sílẹ̀, ó di mọ́ omi, àwọn méjèèjì sì jọ rì sísàlẹ̀. Láyé epo àtijọ́, omi lásán ni ìbá wà níbẹ̀, kò sì ní jó. Àbúrò rẹ̀ ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àní, epo tí àbúrò rẹ̀ tà láàárọ̀ yẹn gan-an ló ń gbé àwọn tó fẹ́ lù ú lọ bá a.

Ó mú ìgò, ó gba alùpùpù wẹ́dà láìtọrọ.

Nígbà tó débẹ̀, wọ́n ti di bí ogún. Àbúrò rẹ̀ wà nílẹ̀ láàárín pọ́ǹpù méjì, orúnkún Gìrìpá wà láyà rẹ̀. Wọ́n ki àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹnìkan sì ń da omi korobá sí i.

"Mu ún. Ṣebí o ní ó dáa fún ọkọ̀."

Ẹ̀jẹ̀ àti omi jọ ń ṣàn gba etí rẹ̀. Apá rẹ̀ òsì tẹ̀ síbi tí apá kì í tẹ̀ sí.

Ọwọ́ Irin gbé ìgò sókè lọ́wọ́ kan, ó fi ìkejì ṣiṣẹ́. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún àkọ́kọ́ ní ikùn, ó gbá ìkejì lágbọ̀n, ó ta ìkẹta síbi tí ọkùnrin ò ní fẹ́ sọ fún ìyàwó rẹ̀. Wọ́n pọ̀ jù fún un. Ẹnìkan fa irun rẹ̀, ẹnìkan gbá a lẹ́yìn ọrùn, ó kúnlẹ̀, ó rí àbúrò rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti ń yí sókè.

Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ ìṣáná.

"Mo fẹ́ ka ení dé ẹ̀ta," ó ní.

Kò tíì ka ení tán tí ilé epo fi ṣófo. Gìrìpá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná ló kọ́kọ́ fo gọ́tà. Ọwọ́ Irin yọ àrọ lẹ́nu àbúrò rẹ̀, ó yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi tú jáde gùdù, ọkùnrin náà húkọ́. Ó ń mí. Lẹ́yìn náà ló sọdá títì lọ bá wọn, ó da omi ìgò sórí kọnkéré, ó fi ara ṣíji bò ó, ó ṣáná sí i. Wọ́n rí i bó ṣe ń jó.

"Òjò ló wọ táńkì Gìrìpá," ó ní. "Ọtí àti òjò ni. Ẹ̀yin tókù, níbo lẹ ti ra epo òní?"

Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan fọwọ́ tọ́ka sí ilé epo náà, ó tètè ká ọwọ́ kò.

"Ẹ̀yin lẹ ní omi ni," ni Gìrìpá wí.

"Èmi ni. Àṣìṣe ni mo ṣe."

"Ta ni màá wá lù báyìí?"

"Èmi náà ni."

Gìrìpá gbá a létí. Kò mira. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì, obìnrin náà fẹ̀yìn ti ògiri kan lẹ́bàá títì. Nígbà tí Gìrìpá nawọ́ ìkẹta, Ọwọ́ Irin di ọwọ́ náà mú, ó ní, "Èyí tó kù, àbúrò mi ló ni ín," ó sì lọ gbé ọmọ ìyá rẹ̀.

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kan ń we pákó mọ́ apá ọkùnrin náà, ó ń kọ nǹkan sínú ìwé. Ọwọ́ Irin dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó di abọ́ ẹ̀jẹ̀ mú.

"Ta ló lù yín báyìí?" ni nọ́ọ̀sì bi í.

Ọkùnrin náà ò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ tó kù sókè díẹ̀díẹ̀, ó nà án sí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

Nọ́ọ̀sì yíjú, ó wo ọwọ́ ńlá tí èékánná rẹ̀ dúdú, tí oríkèé rẹ̀ ti bó. "Ìyá, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni," ni Ọwọ́ Irin wí. "Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."