Erékùṣù Àwọn Tí Kì Í Jẹ Dòdò

Ẹ jẹ́ kí a yìn ín, ìgbéraga kékeré tí ń jẹ́ "ọmọ ọba ni wá." Ìwọ tí o sọ ọmọ alágbàṣe di àrẹ̀mọ, ìwọ tí o fi fìlà bo àtàrí tó ti ru ẹrù rí, a kí ọ o! Kò sí ilé Yorùbá kan ní Jos tí o kò wọ̀. Bàbá ẹnì kan wá ta obì, ó di ọmọ ọba. Bàbá ẹlòmíràn wá ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, òun náà di ọmọ ọba. Mo ti rò ó títí, n kò mọ ẹni tó kù sílé tí wọ́n ń jọba lé lórí.

Tiwa tún ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa kì í ṣe ọmọ ọba ìlú tí ẹnikẹ́ni lè wọ mọ́tò lọ wò. Erékùṣù ni àwa ti wá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí a ń pè ní Bàbá Jenta nítorí Jenta Adamu tó ń gbé, ló mọ ìtàn náà jù. Ó ní àwọn baba ńlá wa tẹ ìlú kan dó sáàárín omi, ìlú ọlọ́là tí fàdákà ń kọ mànà níbẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn dá ẹ̀dá kan tí kì í ṣe ènìyàn, tí kì í ṣe ẹja, kí ó máa ṣọ́ omi fún wọn. Dodo ni wọ́n pè é, orúkọ tí Hausa ń pe iwin abàmì. Lọ́jọ́ kan inú bí Dodo, ó gbé erékùṣù náà mì. Àwọn díẹ̀ tó yè tukọ̀ wá sí Jos. Bí ènìyàn ṣe ń tukọ̀ gun òkè, ẹnikẹ́ni nínú wa kò bi í rí.

Nítorí rẹ̀ ni a kì í fi í dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ nílé wa. Dòdò ni Yorùbá ń pe ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín, àti pé lẹ́nu ọmọ Jos, dòdò àti Dodo ti di ọ̀kan. "Èèwọ̀ ni," Bàbá Jenta máa ń wí. "A kì í fi orúkọ rẹ̀ jẹun."

Lásìkò òjò tó kọjá ni ó pè mí. Ìpàdé ẹbí ń bọ̀, ó fẹ́ kí a tẹ ìwé ìtàn ìdílé.

"Ìwọ lo lọ yunifásítì," ó ní. "O ti fi gbogbo ìdílé tó wà nílùú yìí ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìwé. Wá kọ tiwa. Kọ ọ́ kó wúwo."

Mo lọ sí Dogon Dutse lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, àkọ́bí bàbá bàbá mi, tí ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Mo bá a níwájú ilé, ó ń fẹ́ acha, ọkà wẹ́wẹ́ ilẹ̀ Jos, nínú atẹ.

"Ìyá, ẹ sọ ti erékùṣù fún mi."

"Erékùṣù wo?"

"Tsibiri. Ibi tí bàbá yín ti wá."

Ó gbójú sókè. "Kai! Ta ló sọ pé tsibiri? Tsibi ni. Òkìtì!"

Tsibiri ni Hausa ń pe erékùṣù. Tsibi ni òkìtì erùpẹ̀. Bàbá bàbá mi wá sí Jos láti wa kuza, òkúta tánńganran, orí òkìtì tí wọ́n hú jáde ni wọ́n sì kọ́ ahéré wọn sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò tí omi ti kún. Nígbà tí àwọn ọmọ tó bí lẹ́yìn bi í pé níbo ló ń gbé kó tó dé Jenta, ó ní, "A kan tsibi," lórí òkìtì nìyẹn, ó sì pa ẹnu dé. Àwọn ọmọ fi "ri" tó kù kún un fúnra wọn.

Mo rẹ́rìn-ín títí bírò fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọ ọba òkìtì! Mo ti ń rí bí n ó ṣe kọ ọ́.

"Fàdákà wá ńkọ́, Ìyá?"

"Agolo mílíìkì ni. Wọ́n so ó mọ́ Dodo."

"Dodo wà lóòótọ́?"

"Àwọn bàbá wa ló ṣe é. Igi, àpò ìdọ̀họ, agolo. Wọ́n gbé e sétí omi kí ọmọdé má baà súnmọ́ ibẹ̀. Bàbá mi gan-an ló so àwọn agolo náà. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, á máa dún, á máa kọ mànà. Ọmọ Hausa, ọmọ Birom, kí wọ́n ṣáà ti gbọ́ Dodo, eré ni." Ó gbé atẹ sílẹ̀. "Àbúrò mi obìnrin kò sá."

"Kí ló dé?"

"Kí ni ì bá sá fún? Yorùbá là ń sọ nílé. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, dòdò ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá?' Ó rẹ́rìn-ín bí o ṣe ń rẹ́rìn-ín yẹn. Ó mú àwo, ó ní òun ń lọ bù wá."

Ẹ̀rín kú sí mi lẹ́nu.

"Àwo náà la rí lójú omi," ni Ìyá wí.

Mo ń wo acha nínú atẹ bí ẹni pé òun ló sọ̀rọ̀. Ọdún mélòó ni mo ti ń dá àwo dòdò padà ní òde ìyàwó, tí mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́, tí mo ń sọ fún àlejò pé èèwọ̀ ìdílé wa ni?

"Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ni." Ó nu ọwọ́ sí ìró. "Bàbá mi fi àáké gé Dodo. Nígbà tí òjò ọdún kejì fi wó òkìtì náà sómi, a ti kó lọ sí Jenta. Kì í ṣe èèwọ̀ o. Ìyá mi kàn kò lè dín in mọ́ ni."

Lẹ́yìn náà ó sọ orúkọ ọmọ náà fún mi, lẹ́ẹ̀mejì, kí n má baà ṣì í kọ.

"Wọn ò tíì bí Bàbá Jenta rẹ nígbà yẹn. Èmi nìkan ló kù tó mọ̀ pé ọmọ yẹn wáyé. Kọ ọ́ sínú ìwé yẹn. Bí mo bá lọ, ó ti tán nìyẹn."

Mo ṣèlérí.

Ní Jenta, Bàbá Jenta gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó ti kọ́kọ́ bínú: wọ́n ti tẹ èèpo ẹ̀yìn ìwé, erékùṣù wà lára rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pẹ mẹ́ta. Nígbà tó yá, ó ṣí fìlà.

"Bí kì í bá ṣe Dodo ló ṣe é," ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "a jẹ́ pé bàbá mi ni."

Mo pa ìwé tí mo fi kọ ọ̀rọ̀ Ìyá dé.

Nígbà tí ìwé jáde, mo mú ọ̀kan lọ sí Dogon Dutse. Kéú nìkan ni Ìyá kọ́, kò lè ka Yorùbá. Ó ṣí i, ó ń fọwọ́ pa ojú ìwé.

"Níbo ló wà?"

Mo di ìka rẹ̀ mú, mo gbé e lé ọ̀rọ̀ kan. Ó fi í síbẹ̀ pẹ́, ó ń ṣàdúà, ètè rẹ̀ ń mì.

"Erékùṣù" ni ọ̀rọ̀ náà. N kò kọ orúkọ ọmọ náà síbì kankan. Erékùṣù ni mo kọ, mo sì kọ ọ́ kó wúwo. Kì í ṣe bàbá bàbá mi nìkan ló ṣe é; èmi náà ṣe é.