Alùpùpù Tó Ń Wọ Ọkọ̀ Lọ Jíṣẹ́

Obìnrin kan tó ń ta iyọ̀ ní Molutehin ló kọ́kọ́ sọ ohun tí gbogbo wa rí tí a ò rí ẹnu sọ. Ó ní, "Mo rí ọkọ̀ tó gbé alùpùpù. Ọkùnrin tó yẹ kí alùpùpù gbé ló ń fi àjẹ̀ tu àwọn méjèèjì, òógùn bò ó."

Akọ́dà kóòtù wa ní Abereke ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi ni akọ̀wé kóòtù náà láyé òyìnbó, kí n tó di oníròyìn. Iṣẹ́ akọ́dà ni kó máa mú ìwé ìpẹ̀jọ́ lọ bá àwọn tí wọ́n pè lẹ́jọ́, láti etíkun títí dé Ode Mahin. Ojú omi ló ń gbà, nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn. Ọ́fíìsì ìjọba kan ní òkè ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n pín alùpùpù fún gbogbo akọ́dà, tiwa sì bá ọkọ̀ ẹlẹ́rù dé, àlòkù tí awọ ìjókòó rẹ̀ ti ya. Ìwé kan tẹ̀ lé e: akọ́dà kò gbọdọ̀ jíṣẹ́ kankan láìmú alùpùpù rẹ̀ dání.

Akọ́dà ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ó dáa. Màá mú un dání."

Ó sì mú un dání. Oṣù bíi mélòó kan ló fi ń gbé e sínú ọkọ̀ láàárọ̀, tó ń so ó mọ́ pákó ìjókòó kó má baà ṣubú sómi, tó ń gbé e kiri abúlé. Iyọ̀ òkun jẹ ẹ́ lára. Ẹyẹ yàgbẹ́ sí i.

Ìwé kejì ló kó wa láyà jẹ. Ayẹ̀wéwò kan ń bọ̀ láti òkè wá yẹ àwọn alùpùpù wò. Alùpùpù tí wọn kò bá gùn níbi tó wà, wọ́n á gbé e lọ sí òkè, níbi tí títì wà, akọ́dà tó ni ín á sì bá a lọ láti máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Akọ́dà yìí nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Ìyá náà ń yan ẹja létíkun, ọmọ rẹ̀ ló ń bá a la igi tó fi ń yan án. Nígbà tí mo ka ìwé náà fún un, ó ní, "Òkun ò gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi. Títì ò ní gbà á."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tún alùpùpù ṣe nìyẹn, àwa tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gun ọ̀kan rí.

Bí a bá tẹ̀ ẹ́, yóò wúkọ́, yóò tu èéfín dúdú, yóò kú. Epo bẹntiróòlù sì ń kán lábẹ́ rẹ̀. A tú asẹ́ tó ń gba afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnnì. Iyanrìn àti iyọ̀ ti dì sínú rẹ̀ bí ẹ̀kọ tó tutù. Bí a ṣe fọwọ́ kàn án ló fọ́. A gbé alùpùpù náà tọ baba aláwọ̀n lọ, àgbà Mùsùlùmí kan tí gbogbo etíkun ń ra àwọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kírun tán kó tó wò wá lójú.

"Kí lẹ fẹ́ kó má wọlé?"

"Iyanrìn ni, Baba."

"Kí lẹ fẹ́ kó wọlé?"

"Afẹ́fẹ́."

"Iyanrìn kéré ju edé lọ," ni baba wí. Ó mú àwọ̀n edé, ó ṣẹ́ ẹ po ní ìlọ́po mẹ́rìndínlógún, ó rì í sínú àdí àgbọn, ó ní iyanrìn tó bá ríhò kọjá, àdí á mú un.

Kábúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́, ló kàn. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, mo rò pé a ò ní lè tún un tò tí a bá tú u. Baba fi ọ̀bẹ tú u láìbéèrè. Ó rí agolo kékeré kan nínú rẹ̀ tó yẹ kó máa léfòó lórí epo, kó sì máa dí ẹnu ihò tí epo ń gbà wọlé bí epo bá ti kún. Agolo náà ti lu, ó ti mu epo yó, ó rì.

Baba rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ara àwọ̀n ni wọ́n ti wo nǹkan yìí ṣe. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ òyìnbó rárá."

Ó gbẹ́ òmíràn láti ara igi fúyẹ́ tí wọ́n ń so mọ́ etí àwọ̀n kó má baà rì. Ó se àpò afẹ́fẹ́ inú ẹja títí ó fi ki bí àtè, ó fi kùn ún lára kí epo má baà wọ̀ ọ́.

Ó ku síkúrù tó ń pín epo àti afẹ́fẹ́. Ọ̀rọ̀ èéfín nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó mọ èéfín ju ìyá akọ́dà lọ. Ó jókòó sẹ́yìn alùpùpù bó ṣe ń jókòó nídìí ẹja, mo di ọ̀bẹ mú.

"Igi tútù nìyẹn. Dín in kù."

Mo yí i díẹ̀.

"Ó ṣì tutù. Akọ̀wé, ṣé ò ń bẹ̀rù rẹ̀ ni?"

Mo tún un yí. Èéfín dà bí aṣọ tó ti ṣá.

"Dúró síbẹ̀. Èyí á yan ṣàwá láìjó o."

Ayẹ̀wéwò dé nígbà tí òkun ti fà, tí iyanrìn le bí ilẹ̀ ilé. Ará òkè ni, omi ti dà á láàmú, ó mú bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. Akọ́dà gun alùpùpù, ó gba etíkun lọ, ó gbà á bọ̀, òórùn àgbọn díndín ń tẹ̀ lé e. Àwọn apẹja dìde nídìí àwọ̀n wọn. A rò pé ó ti parí.

Ayẹ̀wéwò na ọwọ́ sí akọ́dà. "Mi ò tíì rí èyí tó dáa tó báyìí. Wọ́n ń fi ọ́ ṣòfò níbí. A jọ ń lọ sí òkè lọ́la, ìwọ àti alùpùpù."

Ìyá akọ́dà wo baba aláwọ̀n.

Baba rọra sún mọ́ alùpùpù. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, nǹkan mi wà nínú rẹ̀." Ó tú kábúrétọ̀, ó mú igi rẹ̀. Ó tú àwọ̀n edé rẹ̀. Ó nù wọ́n mọ́ aṣọ, ó kó wọn sápò.

Ayẹ̀wéwò tẹ alùpùpù. Epo dà sí i lẹ́sẹ̀.

"Baba, ẹ dá a padà síbẹ̀."

"Ẹrù ìjọba lẹ wá gbé, ọ̀gá. Ti ìjọba nìyẹn."

Ọkùnrin náà jókòó sórí iyanrìn. "Tí mo bá gbé òkú dé òkè, èmi ni wọ́n máa bi pé ta ló pa á." Ó kọjú sí mi. "Akọ̀wé, kí ni kí n kọ?"

Mo ní, "Ẹ kọ ohun tí ẹ fojú rí, sà. Ó ṣiṣẹ́ ní Abereke."

Ó rò ó. Ó kọ ọ́ pé alùpùpù náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tó wà, kí wọ́n má ṣe gbé e tàbí akọ́dà rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ lọ tán, akọ́dà ní kí baba dá igi náà padà, nítorí gígun alùpùpù ti dùn mọ́ ọn. Baba ní ó ti pẹ́, òun ti so ó mọ́ àwọ̀n. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹjọ́ kan wà fún Molutehin. Akọ́dà gbé alùpùpù sínú ọkọ̀, ó so ó mọ́ pákó, ìyá rẹ̀ sì bá a tì wọ́n sómi.