Ìyá Sùlé Méjì Nínú Wọ́ọ̀dù Kan

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí lọ́jọ́ ìdánwò tí mo fi di nọ́ọ̀sì!

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì kí wọ́n tó gbà mí. Nígbà tí ẹlẹ́ẹ̀kejì kò bọ́ sí i, àwọn aládùúgbò wa ní Tẹ̀dé ń bi bàbá mi pé ṣé wọn ò ní wá ọkọ fún mi ni. Bàbá mi, àgbẹ̀ paraku, ní ọkọ́ tí àwọn fi ń kọ ebè nìkan ló wà lọ́wọ́ àwọn!

Mo wọlé, mo sì fi ọdún márùn-ún kàwé bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ìwé kò dẹ́rù bà mí rárá. Ẹnu mi ló ń dà mí láàmú.

Òfin ni pé kí nọ́ọ̀sì tó fún aláìsàn lóògùn, ó gbọ́dọ̀ bi í ní orúkọ rẹ̀, kó sì fi wé ti inú fáìlì. Èmi ọmọ Òkè-Ògùn, kí n dúró níwájú ẹni tó tó bí ìyá mi, kí n máa ní "Kí lorúkọ yín?" Àbí ẹ̀yin lè ṣe é? "Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o" ni tèmi, oògùn ti dé ẹnu wọn nìyẹn. Nígbà ìdánrawò, òdo ni olùkọ́ wa fún mi. Wọ́n ní tí mo bá tún dán an wò nínú ìdánwò àṣekágbá, màá tún ọdún náà ṣe.

Ọjọ́ pé. Wọ́n kó wa lọ sí ọsibítù kan ní Ṣakí. Olùdánwò, obìnrin kan tí kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa, dúró tì mí pẹ̀lú bírò, kò rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá arúgbó tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ki ara mi láyà, mo béèrè orúkọ wọn.

"Ìyá Sùlé," ni wọ́n dá mi lóhùn.

"Ẹ̀ẹ́n?" Ìyá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì ló jẹ́ ẹ. "Ta ló ń pè mí?"

Yéè! Ìyá Sùlé méjì! Oògùn ìtọ̀ ṣúgà ló wà lọ́wọ́ mi, ti ọ̀kan nínú wọn ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ṣe ìkejì. Tí mo bá ṣì í fún ńkọ́? Mo bi ìyá tó wà níwájú mi ní orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n lọ́jọ́ ìkómọ. Inú bí wọn díẹ̀. Wọ́n ní ta ló tún ń pe ìyẹn, ṣé àwọn kì í ṣe ọlọ́mọ ni? Olùdánwò ń kọ nǹkan sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣáà bọ́ sí mi lẹ́nu. "Màmá, nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, tí ẹ bá da omi nù, kí ni bàbá yín máa ń fi jágbe mọ́ yín?"

Ojú wọn là. Wọ́n mú ohùn wọn ki bíi ti ọkùnrin: "Sàlámátù! O tún ti dà á nù!"

Ni gbogbo wọ́ọ̀dù bá bú sẹ́rìn-ín! Nígbà tí ẹ̀rín dùn, wọ́n fi orúkọ ìdílé ọkọ wọn kún un fúnra wọn. Mo yẹ fáìlì wò, ó bá a mu. Olùdánwò tí mo ń bẹ̀rù rẹ́rìn-ín títí bírò fi bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Mo yege! Ayọ̀ náà kò ṣeé fẹnu sọ. Mo délé, mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá ìyá mi tó tọ́ mi dàgbà, mo wá rí i pé èmi gan-an ò mọ orúkọ wọn. Ẹ wo ìtìjú! Mo bi wọ́n.

Wọ́n sún sẹ́yìn, wọ́n di ìdí mú. "Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé o fẹ́ gún mi lábẹ́rẹ́ ni?"

Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, wọ́n sọ ọ́ sí mi létí. Mo tún un pè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, omi lé ròrò sójú àwa méjèèjì.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé bíbọ̀wọ̀ fún àgbà kò ní ká má mọ orúkọ wọn. Ká ṣáà mọ bí a ṣe ń béèrè rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi mí rẹ́rìn-ín ńkọ́? Ó yá, ẹ kọ orúkọ tí wọ́n sọ ìyá àgbà yín síbí, láìkọ́kọ́ pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù o! Mo ń dúró.