Bí Mo Ṣe Ta Ọṣẹ Ìyá Mi ní Santasi

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọjà tó dára a máa ta ara rẹ̀, ẹ bi í bóyá ó ti ta ìṣáná lásán rí. Èmi ti rí ọjà tó dára tó jókòó sílẹ̀ tí eruku bò ó. Ọṣẹ ìyá mi ni.

Ẹ̀yìn ilé wa ní Moshie Zongo, ní Kumasi, ni ìyá mi ti ń se ọṣẹ dúdú. Ará Ìlọrin ni wọ́n, Kumasi níbẹ̀ ni wọ́n bí èmi sí. Wọ́n á sun èèpo kòkó di eérú, wọ́n á sẹ́ omi rẹ̀, wọ́n á da àdín sí i, wọ́n á sì máa rò ó lórí iná títí yóò fi dì. Nígbà tí ìlú le, tí kò sí ọṣẹ kankan ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn èèyàn máa ń tò síwájú ilé wa kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ọṣẹ olóòórùn dídùn láti òkè òkun kún ṣọ́ọ̀bù padà, nínú bébà tó ń dán, gbogbo ìlú sì yíjú sí i. Ti ìyá mi wá ń gun ara wọn lórí nínú yàrá.

Bàbá wa ti kú, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló di baálé. Lọ́jọ́ kan ó dúró lẹ́yìn ilé, ó ní òun ti rí ẹni tó fẹ́ gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo síbẹ̀, kí Màmá wá lọ sinmi. Màmá kàn ń ro ọṣẹ wọn lọ. Mo mọ̀ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá wó àdògán yẹn, ìyá mi á jókòó sójú kan ni, wọn á sì gbó lójijì. Inú bí mi.

Mo ní, "Búọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi di ìgbà tí oṣù ààwẹ̀ bá lé. Màá ta gbogbo ọṣẹ tó wà nínú yàrá yẹn."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ìwọ? Ìwọ tí o máa ń bá oníbàárà jà kó tó na ọwọ́ sí ọjà?"

Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọ akínyẹmí ara.

Ni mo bá gbọ́n ọgbọ́n àgbọ́njù. Mo gé ọṣẹ sí kéékèèké, mo ta lọ́fínńdà sí i, mo ra bébà pupa, mo fi wé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wọ trotro, ọkọ̀ akérò ibẹ̀, lọ sí Santasi ní òdìkejì ìlú, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí, mo sì ń sọ Twi bí ọmọ ààfin. Ṣé ẹ rí i, nílé-ẹ̀kọ́ tí mo lọ ní Dichemso, "Alata" ni wọ́n ń pe àwa ọmọ Yorùbá. Orúkọ náà kì í ṣe èébú, àmọ́ bí àwọn ọmọ yẹn ṣe ń fi í pè mí, èébú ló ń dún létí mi. Ọṣẹ dúdú pàápàá, "Alata samina" ni wọ́n ń pè é, ọṣẹ àwọn Alata. Mo ní orúkọ yẹn ò ní jáde lẹ́nu mi. Ọṣẹ òyìnbó ni mò ń tà.

Wàláì, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi rìn ín lásán! Nọ́ọ̀sì kan bi mí pé ibo ni wọ́n ti ṣe é. Mo ní London ni. Ó yí bébà náà síwá sẹ́yìn, ó ní, "Kí ló dé tí wọn ò kọ London sí i?" Òógùn bò mí. Àwọ̀ bébà sì ti ṣí sí mi lọ́wọ́, ọwọ́ mi pọ́n bíi ti ìyàwó tó lé làálì. Oṣù ààwẹ̀ ku ọjọ́ díẹ̀ kó lé, yàrá ṣì kún.

Lọ́jọ́ kejì mo dé ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó kan tó jókòó síwájú ilé rẹ̀. Nana ni mo pè é, bí wọ́n ṣe ń pe àgbà níbẹ̀. Ó tú bébà, ó gbé ọṣẹ sí imú, ó sì fà sẹ́yìn bí ẹni tí eèrà ta. Ó bu omi, ó fi ọwọ́ pa á títí ó fi hó.

"Ta ló fi òórùn burúkú yìí ba ọṣẹ Alata jẹ́?"

Mo ní, "Nana, kì í ṣe ọṣẹ Alata o."

Ó rẹ́rìn-ín, eyín méjì péré ló kù lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òun kì í ṣe ọmọdé, ọṣẹ yìí ni ìyá òun fi ń wẹ̀ fún òun. Ó ní Alata kan ló máa ń gbé e wá fún òun, àmọ́ lọ́dún tí ìjọba ní kí àwọn àlejò máa lọ sílùú wọn, obìnrin náà lọ, òun ò sì rí ojúlówó mọ́ látìgbà náà. Ó wá tẹ ojú mọ́ mi. "Ọmọ mi, ṣé o mọ Alata kankan tó ṣì ń se é?"

Ǹ bá sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n mo rántí bí ìyá mi ṣe tẹ̀ mọ́ ìkòkò lánàá, tí èéfín ń ta wọ́n lójú. Mo ní, "Nana, meyɛ Alatani. Alata ni mí. Ìyá mi ló se é."

Ó ní, "Kí ló wá dé tí o fi ń fi ìyá rẹ pamọ́?"

Ojú tì mí débi pé omi bọ́ lójú mi níbẹ̀. Mo tú gbogbo bébà náà dànù sínú agolo ìdọ̀tí wọn.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ọṣẹ ní òkìtì-òkìtì bí Màmá ṣe ń mọ ọ́n, mo fi ewé bò ó nínú abọ́ irin ńlá, mo ró ìró bíi tiwọn, mo sì fi ariwo polówó láàárín Santasi: "Alata samina papa ooo! Ojúlówó rè é!" Àwọn fítà tó ń tún ọkọ̀ ṣe bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wọn na ọwọ́ méjèèjì sí mi, gíríìsì ti lẹ̀ mọ́ ọn bí awọ kejì. Ó ní kí n mú eléyìí kúrò ká rí i. Láyé àtijọ́, ǹ bá ti bú u. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ fi ọṣẹ olóòórùn yín fọ ọwọ́ òsì. Ẹ gbé ọ̀tún fún mi."

Ó fọ tirẹ̀. Èmi náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fi ọṣẹ pa á, mo ha ààlà èékánná, mo da omi sí i. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Òsì dúdú kirikiri, ọ̀tún mọ́ bíi ti akọ̀wé. Haà! Ariwo sọ. Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ń ti ara wọn, àwọn obìnrin ń sáré bọ̀ láti inú ilé. Kí oòrùn tó kan àtàrí, abọ́ mi ti ṣófo, mo sì ń jó lójú títì bí wèrè. Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí léèrè àṣírí òwò. Mo máa ń sọ fún wọn pé, ẹ pe ọjà yín ní orúkọ tó ń jẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí oníbàárà fi ara rẹ̀ dán an wò. Ẹ má lọ dà bí èmi tó ń fi London purọ́.

Mo lọ, mo bọ̀, lójoojúmọ́. Ìyàwó ọ̀gá fítà ní òun fẹ́ máa gbà á tà. Lọ́jọ́ tó kù dẹ̀dẹ̀ kí ààwẹ̀ wọlé, yàrá ti ṣófo.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi mú ẹlẹ́rọ náà wọlé pẹ̀lú okùn, wọ́n ń wọn ẹ̀yìn ilé. Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n ni ìyàwó ọ̀gá fítà wọlé pẹ̀lú obìnrin mẹ́rin láti Santasi, kálukú gbé abọ́ sọ́rí. Wọ́n béèrè ọṣẹ. Ẹ̀gbọ́n mi yára dá wọn lóhùn pé ọṣẹ ti tán, ìyá àwọn ti ṣíwọ́.

Ìyá mi dìde níbi ìkòkò. Eérú bo apá wọn dé ìgúnpá. Wọn ò wo ẹ̀gbọ́n mi rárá. Wọ́n yíjú sí ẹlẹ́rọ.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ká okùn rẹ kúrò lọ́nà, àwọn oníbàárà mi ń kọjá."

Ẹlẹ́rọ ká okùn rẹ̀, ó kí wa, ó lọ. Màmá wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní igi kò tó lábẹ́ ìkòkò. Baálé bọ́ agbádá rẹ̀, ó lọ ru igi wá.