Tíì Tútù Tí Tata Pò fún Tonton

Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní ọdún tí àbúrò bàbá mi, tí a ń pè ní Tonton, kó ẹrù rẹ̀ dé láti Cotonou. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gbọ́ mi yìí, ẹ kò mọ ìgbà náà. Ìjọba ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kógbá sílé, rédíò ń sọ nípa ìdìbò láàárọ̀ lálẹ́, ṣùgbọ́n àpò ìjọba ti gbẹ. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, Tonton sì wà lára wọn. Òun àti ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Tata, wá ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Tchaourou.

Tata ti ṣiṣẹ́ nílé ọtí kan létí òkun, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń po ohun mímu pọ̀. Kò pẹ́ tó fi ta àtíbàbà sẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Parakou, ló bá ṣí buvette, ilé ọtí kékeré. Sodabi, ọtí ọ̀pẹ tó le bí iná yẹn, kì í tà á lásán. Á rẹ kóríko ọba sínú rẹ̀, tàbí ẹfinrin, á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, á wá fi oyin tí wọ́n ń gbé wá láti Goro là á. Àwọn awakọ̀ á dúró, wọn á ní, "Tata, bu ìyẹn tó ń ta sánsán yẹn fún mi!"

Ohun tó ń bọ́ wa náà ló wá ń pa Tonton. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni o. Kì í jà, kì í bú ẹnikẹ́ni. Á kàn jókòó sábẹ́ àtíbàbà pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, á máa mu, á máa sọ ìtàn ọ́fíìsì rẹ̀ bí ẹni tí yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́la. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkùnrin tó jẹ́ pé ìyàwó ló ń bọ́ ọ lẹ́yìn tí iṣẹ́ bọ́, eyín rẹ̀ lè funfun, inú rẹ̀ kò dùn.

Nígbà tó yá, ẹyinjú rẹ̀ pọ́n, ikùn rẹ̀ wú. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ kò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní, "Tonton, ẹ̀dọ̀ yín ti ń bàjẹ́. Bí ẹ bá tún mu sodabi, ẹ ò ní pẹ́ láyé."

Tata fẹ́ pa buvette náà tì. Bàbá mi béèrè pé kí la ó máa jẹ. Tonton ní kí wọ́n má yọnu, omi lòun ó máa mu. Lóòótọ́, ó mu omi fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó gbádùn: "Ṣé ọ̀pọ̀lọ́ ni ọ́ ni, tó jẹ́ omi ṣáá?" Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn fi alùpùpù gbé e lọ mu sodabi ní Tchatchou. Ìgbà tí wọ́n máa gbé e padà, ńṣe ló ń bì. Èmi ni mo di orí rẹ̀ mú, Tata ń nu ẹnu rẹ̀. Ó sunkún bí ọmọdé. Ó ní, "Ìyàwó mi, ọtí gan-an kọ́ ló ń dà mí láàmú. Ojú ló ń tì mí láti jókòó ti ife omi láàárín wọn."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Tata lára. Àlùhájì arúgbó kan wà ládùúgbò wa tó ń ta aṣọ. Kò fẹnu kan ọtí rí, kì í sì í gba iwájú buvette wa kọjá. Tíì ló máa ń sè lórí èédú, á sè é títí á fi dúdú tá á sì korò. Tata mú mi dání lọ bá a, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi bí ẹ ṣe ń sè é. Ọkọ mi ni mo fẹ́ sè é fún."

Bàbá wò ó títí, ó wá sún lórí ẹní rẹ̀. "Jókòó. Má bẹ̀rù kíkorò rẹ̀ o. Ahọ́n tó ti mọ ọtí, adùn nìkan kò lè tàn án."

Èyí tí Tata kọ́kọ́ pò dùn jù. Tonton tọ́ ọ wò, ó ní, "Àgbo ọmọdé rèé." Tata kò bínú. Ó dín oyin kù, ó ní kí n gún ata ilẹ̀ sí i pẹ̀lú atare díẹ̀. Mo gún un títí omi fi ń bọ́ lójú mi. Ó fi kóríko ọba àti ẹfinrin sínú tíì gbígbóná, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù kó tutù, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó wá dà á sínú gíláàsì kékeré tí wọ́n fi ń mu sodabi. Tonton gbé e mì, ó húkọ́, ó nu ojú.

"Ó ń ta ọ̀fun o!" Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí a ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn.

Ọjọ́ ìdìbò dé, abẹ́ àtíbàbà kún fọ́fọ́. Ọ̀rẹ́ tó gbé Tonton lọ sí Tchatchou bu sodabi gidi síwájú rẹ̀. "Fi tíì sílẹ̀ lónìí. Ọjọ́ ayọ̀ nìyí, mu ún!" Tata dúró pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́. Tonton gbé gíláàsì náà, ó gbóòórùn rẹ̀ títí, ó wá tì í padà síwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi, mo dìbò láàárọ̀ yìí. Mo fẹ́ wà láyé kí n tún dìbò mìíràn. Tata, bu tèmi fún mi."

Ọ̀rẹ́ náà tẹjú mọ́lẹ̀. Ó rọra ní, "Tata, ẹ bu díẹ̀ fún èmi náà."

Ẹ̀dọ̀ Tonton kò padà sípò tán, ṣùgbọ́n ó dìbò mìíràn, ó tún dì í lẹ́yìn ìyẹn, ó sì gbé mi fọ́kọ kó tó jáde láyé. Tata ń ta sodabi lọ, ṣùgbọ́n ìgò tíì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Àlùhájì gan-an sì ń wá jókòó sábẹ́ àtíbàbà wa.

Lónìí, ọmọ mi obìnrin ń po tíì àti ewé fún àwọn ọ̀dọ́ ní Parakou. Orí fóònù ló ti kọ́ ọ, cocktail ló ń pè é. Ọkùnrin á wọlé, á ní òun kò fẹ́ ọtí nínú tòun, wọn á bu ú fún un, ọ̀rọ̀ ti tán. Mo máa ń jókòó sí igun kan, mo máa ń wò wọ́n, ó sì máa ń dùn mọ́ mi. Wọn kò mọ̀ pé ìgbà kan wà tó jẹ́ pé odindi agbo ilé, pẹ̀lú aládùúgbò kan, ló gbé ọkùnrin kan ró kó tó lè la ẹnu sọ pé òun kò mu.