Ọkọ Mi àti Àwọn Ayálégbé Àdírẹ́sì

Bí ẹ bá bi Adéyanjú ọkọ mi pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe, á ní lánlọ́ọ̀dù lòun. Ẹ má dá a lóhùn. Ilé ìjọba la ń gbé ní Thames View, ní London níbí, a ò sì tíì kọ́ ilé kankan ní Nàìjíríà. Àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń fi rẹ́ǹtì. Kọ̀ǹpútà tó bá fẹ́ kí ayé rí òun gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà, bí ilé ṣe ń ní nọ́ńbà lójúlé, kí iṣẹ́ tí wọ́n rán sí i lè mọ ibi tí yóò dé sí. Irú àtijọ́ nọ́ńbà náà, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ṣì ń lò, ti tán nílẹ̀. Ọkọ mi ra ìdìpọ̀ kan nígbà tí kò tíì wọ́n, ó sì ń fi í rẹ́ǹtì fún àwọn tó nílò rẹ̀ fúngbà díẹ̀: ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ ṣe ìdánwò, tàbí àwọn tó fẹ́ pàtẹ ọjà fún ọ̀sẹ̀ kan. Owó oúnjẹ wa nìyẹn.

Kò sí ayálégbé tí ọkọ mi kì í da ìbéèrè bò. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ta ló máa wà nídìí ẹ̀rọ? Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó kù kó béèrè orúkọ ìyá ìyá wọn. Ṣùgbọ́n ìdí wà níbẹ̀. Bí ayálégbé kan bá fi àdírẹ́sì yẹn ṣe jìbìtì kiri, gbogbo ayé á tilẹ̀kùn mọ́ àdírẹ́sì náà, ẹni tó bá gbà á tẹ̀lé e ni yóò jìyà rẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, Bàbá Adéwọlé wá kí wa. Alàgbà ìjọ wa ní Rippleside ni wọ́n, àwọn ló sì gba Adéyanjú sílé nígbà tó kọ́kọ́ dé London, tí kò mọ ẹnì kankan. Títí dòní, bí ọkọ mi bá ń sọ ìtàn yẹn, ohùn rẹ̀ máa ń yí padà. Á ní, "Bàbá ò bi mí ní nǹkan kan. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n kàn fi lé mi lọ́wọ́."

Ó dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Mo gbé ọ̀jọ̀jọ̀ síwájú wọn.

"Yanjú," ni Bàbá wí, "Peter ọmọ àbúrò mi fẹ́ lo àdírẹ́sì rẹ yẹn. Just this weekend."

"Ẹ ṣé, sà. Kí ló fẹ́ fi ṣe, sà?"

"Business."

"Irú business wo, sà?"

Bàbá wò ó títí. "Èmi ni mo wá, Yanjú. Èmi."

Lọ́dọ̀ wa, bí àgbà bá ti fi ara rẹ̀ ṣe onídùúró, ọ̀rọ̀ bùṣe. Mo ṣẹ́jú sí ọkọ mi pé kó gbà. Ṣe ló tún dọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ kan kápẹ́ẹ̀tì. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ ní kí Peter wá fúnra rẹ̀. Bí mi ò bá bi í, mi ò lè fún un."

Bàbá dìde, wọ́n bá tiwọn lọ. Wọn ò fọwọ́ kan ọ̀jọ̀jọ̀.

Inú bí mi. Mo ní, "So computer wá ju bàbá rẹ lọ báyìí?" Ó jókòó sójú fèrèsé, ó ń wo àwọn bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Barking. Bàbá tó bí i ti kú. Bàbá Adéwọlé nìkan ló kù tó ń pè ní bàbá, ó sì gbà pé òun ti pàdánù wọn náà. Àánú rẹ̀ ṣe mí, àmọ́ mi ò sọ ọ́ jáde.

Ní ọjọ́ Àìkú, a kí Bàbá, wọn ò dáhùn. Lẹ́yìn ìsìn, níbi tí gbogbo wa ti ń wá bàtà tí a bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n dúró ti ọkọ mi.

"Mo lọ bi Peter ní ohun tí o bi mí. Ariwo ló ń pa lé mi lórí, kò dáhùn ìkankan."

"Ẹ má bínú, sà."

"Ta ló ní mò ń bínú? Ojú ló ń tì mí. Ìwọ, ta ló sọ fún ọ pé mi ò béèrè nígbà tí o ń bọ̀?"

Adéyanjú gbójú sókè.

"Mo pe pásítọ̀ yín n'Íjẹ̀bú-Igbó. Mo pe tíṣà rẹ. Mo pe ìyá rẹ, ó bú mi gan-an, ó ní ṣé olè lòun bí ni. Mo ní rárá o, mo ní ìyàwó àtọmọ nílé ni. Ìgbà yẹn ni mo tó lọ gé kọ́kọ́rọ́ rẹ."

Bàtà ẹsẹ̀ kan ṣì wà lọ́wọ́ ọkọ mi. Ó bú sẹ́kún níbẹ̀, lójú gbogbo ìjọ, nínú sùtánà funfun rẹ̀. Bàbá gba bàtà náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé e síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Wọ bàtà rẹ, jẹ́ ká máa lọ sílé yín. Ọ̀jọ̀jọ̀ ìyàwó rẹ ṣì wà lọ́kàn mi."